Kí Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Padà sí Pọbẹ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ìkọ́ Rẹ̀

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin bá tún jáde ní Kútọnu, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ló máa ń gbẹnu gbogbo ènìyàn: èló ni yóò náni, ta ni yóò gba iṣẹ́ náà, ìlú wo ni yóò gbà kọjá? Ará Kétu yóò ní wọn kò gbọdọ̀ yọ òun sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ará Pọbẹ̀ yóò rán wọn létí pé ìlú òun ni ojú irin parí sí láyé Faransé. Ará Ìtakété náà kò ní dákẹ́. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ìbéèrè kẹrin kan wà tí ẹnu kì í sábà kàn, òun sì ni a fẹ́ béèrè lónìí kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn kankan: irú ìkọ́ wo ni yóò so wágọ̀nù kan mọ́ èkejì?

Ọ̀rọ̀ náà lè jọ èyí tí kò tó nǹkan. Ojú irin, tọmọdé tàgbà ló ń rí i. Ẹ́ńjìnì, wọn yóò fi ọ̀dà tuntun kùn ún kí àwọn èèyàn pàtàkì lè ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ìkọ́ wà nísàlẹ̀, gírísì dúdú bò ó, kò sẹ́ni tó ń gé rìbọ́ọ̀nù fún un. Síbẹ̀ òun ni yóò sọ bóyá wágọ̀nù tó kó òwú ní Parakou lè bá wágọ̀nù ará Niger rìn nínú ọkọ̀ kan náà. Òun náà ni yóò sọ bóyá òṣìṣẹ́ tó so wọ́n pọ̀ yóò fi ọwọ́ méjèèjì fọ ojú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, òrùka irin gígùn kan àti ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi ń so wágọ̀nù pọ̀. Òṣìṣẹ́ bíréèkì yóò dúró sáàárín méjì, èyí tó dúró jẹ́ẹ́ àti èyí tó ń yí bọ̀. Yóò gbé orí òrùka náà sókè kó lè bọ́ sínú ihò tó wà lójú wágọ̀nù kejì. Bó bá ti wọlé, yóò ti ọ̀pá bọ ihò náà láti òkè. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ní láti fi ṣe gbogbo rẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru, ìbáà jẹ́ nínú òjò tàbí yìnyín, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù irin tó ń sún mọ́ àyà rẹ̀. Bó bá fi bíńtín pẹ́ kó tó yọ ọwọ́, ìka ti lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ tàbí tó há, òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Wọ́n máa ń sọ nígbà náà pé ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ bíréèkì kì í yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ọwọ́ ni yóò ní kí onítọ̀hún nà, bí ìka kan tàbí méjì kò bá sí níbẹ̀ mọ́, yóò mọ̀ pé àgbà òṣìṣẹ́ ló dúró níwájú òun.

Eli Janney, ọmọ Virginia kan tó ti jagun abẹ́lé rí, tó sì wá ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ló wá ojútùú tó tàn dé ibi púpọ̀ láyé. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1873 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìkọ́ tó ń dá ara rẹ̀ kọ́. Ẹ ká ìka ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ ká ti òsì náà, kí ẹ fi ọ̀kan kọ́ èkejì, kí ẹ wá máa fà: bẹ́ẹ̀ ni ìkọ́ Janney ṣe ń di ara rẹ̀ mú. Ìka irin ńlá kan wà lẹ́nu ìkọ́ náà tó lè ṣí, tó sì lè padé. Bí wágọ̀nù méjì bá forí sọ ara wọn, ìka tó ṣí yóò yí wọlé, irin kan yóò jábọ́ sẹ́yìn rẹ̀, yóò tì í pa. Ó parí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú u, òṣìṣẹ́ yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ̀nù, lóde gbangba, yóò gbé ọ̀pá kan sókè, irin tó tì í yóò dìde, ìka yóò sì ṣí. Ara òṣìṣẹ́ kò wọ àárín wágọ̀nù méjì nígbà tí wọ́n ń rìn.

A kì í purọ́ ta ọjà wa: ìkọ́ náà kò ṣe gbogbo iṣẹ́. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bíréèkì láti wágọ̀nù kan dé èkejì, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń so ó lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù títí dòní. Ṣùgbọ́n wágọ̀nù ti dúró nígbà yẹn, ó sì ti mú ara rẹ̀ ṣinṣin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ènìyàn tẹ̀ síbi tó dúró àti kí ó tẹ̀ síbi tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní gáréèjì rí mọ̀ ọ́n.

Lórí fóònù, ìtàn kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa pé aláwọ̀ dúdú kan, Andrew Beard, ló dá ìkọ́ yìí sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ ní ìdí tí inú wọn fi ń dùn, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an. Wọ́n bí Beard sínú oko ẹrú ní Alabama ní ọdún 1849. Ó ti gba ẹ̀tọ́ lórí ohun ìtúlẹ̀ àti ẹ́ńjìnì kan kó tó di pé, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1897, wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ìkọ́ wágọ̀nù tirẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní irú jàǹbá tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ bíréèkì gan-an ló gba ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Beard dé, ìkọ́ Janney ti wà fún ọdún 24, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ti gba ẹ̀tọ́ lórí irú ìkọ́ kan tàbí òmíràn. Àtúnṣe ni Beard ṣe, àtúnṣe tó níye lórí. Iyì rẹ̀ kò dín kù nítorí pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́.

Ohun tó yẹ kí àwa ará Plateau ní Benin fi ọkàn sí jù ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkọ́ yìí fúnra wọn di ìṣòro. Ilé-iṣẹ́ kan mú tirẹ̀, èkejì mú tirẹ̀, kò sí èyí tó bá ti ẹlòmíràn mu. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá tó ń ṣe wágọ̀nù ní Amẹ́ríkà dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ní ìlú Buffalo ní ọdún 1885, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n mú irú ti Janney. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ náà sì ṣe ohun kan tí oníṣòwò kì í sábà ṣe. Wọ́n yọ̀ǹda ojú ìkọ́ náà, ìyẹn bó ṣe tẹ̀ àti bó ṣe yípo, fún gbogbo ayé. Ilé-iṣẹ́ yòówù lè rọ tirẹ̀ bó bá ti lè bá ti Janney kọ́ra. Inú ìkọ́ náà lè yàtọ̀. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Àwọn onílé-iṣẹ́ rélùwéè kò kánjú bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ tuntun ń náni lówó, òṣìṣẹ́ tuntun kò náni ní kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ kan láti Iowa, Lorenzo Coffin, tó ti fojú ara rẹ̀ rí i bí wágọ̀nù ṣe gé ìka òṣìṣẹ́ kan, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn káàkiri, tó ń kọ lẹ́tà, tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpàdé, tó sì ń dá àwọn ọ̀gá lẹ́bi lójú ara wọn. Ní ọdún 1889, Ààrẹ Benjamin Harrison sọ fún Ilé Aṣòfin pé ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè náà pé ewu tó wà lórí àwọn òṣìṣẹ́ yìí tó ti sójà lójú ogun. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1893 ló buwọ́ lu òfin: gbogbo wágọ̀nù tó bá ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ tó ń dá ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọdún márùn-ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ tún bẹ̀bẹ̀, ìjọba sì sún un di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1900.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ọ̀ràn Johnson ṣẹlẹ̀. A fẹ́ kí gbogbo aṣòfin wa gbọ́ ọ̀ràn yìí dáadáa.

Òṣìṣẹ́ bíréèkì ni Johnson, abẹ́ ilé-iṣẹ́ Southern Pacific ló wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1900, ní Promontory ní Utah, níbi tí wọ́n ti so ojú irin ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní 1869, wọ́n ní kó so ẹ́ńjìnì kan mọ́ kóòṣì tí àwọn èrò ti ń jẹun. Ẹ́ńjìnì ní ìkọ́ Janney. Kóòṣì ní ìkọ́ Miller. Ìkọ́ tó ń dá ara rẹ̀ kọ́ ni àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Janney yóò kọ́ Janney, Miller yóò kọ́ Miller. Janney àti Miller kò lè kọ́ ara wọn. Nítorí náà Johnson ní láti wọ àárín, bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe láyé òrùka irin, kó fi ọwọ́ ṣe ohun tí òfin ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣe mọ́. Irin méjèèjì pàdé lórí ọwọ́ rẹ̀. Òkè ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti gé e.

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò wọn ní àwọn kò rú òfin kankan. Òfin ní kí wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ adákọ́ra, kóòṣì náà ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnì náà ní tirẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnì kì í ṣe wágọ̀nù. Wọ́n ní kóòṣì oúnjẹ náà ṣófo, ó kàn dúró síbi kan ni. Ilé-ẹjọ́ kékeré gbà fún wọn, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà fún wọn. Oṣù Kejìlá ọdún 1904 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí i padà, tí wọ́n sì sọ ohun tí ọmọ kékeré ì bá ti sọ: ìkọ́ tí kò lè kọ́ ìkọ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò ṣe ohun tí òfin ń wá. Ìtumọ̀ òfin ni pé kí wágọ̀nù máa kọ́ra láìsí ènìyàn láàárín wọn. Bí ènìyàn bá ṣì ń wọ ibẹ̀, asán ni gbogbo irin olówó iyebíye náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹjọ́ yìí kúrò ní Utah, ká gbé e wá sórí ilẹ̀ tiwa.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe fa ààlà láàárín ibi tí wọ́n ń pè ní Dahomey àti ibi tí wọ́n ń pè ní Èkó. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn ni ogun Dahomey ti fọ́ Kétu, àwọn ará Kétu tó kù láàyè sì wà nígbèkùn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ìlú wa bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá pín sí méjì. Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn yìí, a kò ní fa á gùn. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà fi kún un ni pé àwọn aláwọ̀ funfun méjèèjì tẹ́ ojú irin wá sí etí ààlà náà, ẹnìkínní láti ìwọ̀-oòrùn, ẹnìkejì láti ìlà-oòrùn, wọ́n sì dúró láìrí ara wọn.

Faransé tẹ́ tiwọn láti Àjàṣẹ́ lọ sí Ìtakété, wọ́n mú un dé Pọbẹ̀ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkùrọ́ àti epo pupa ni wọ́n ń wá. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pọbẹ̀ ní 1922 jẹ́rìí sí i. Kò dé Kétu rí. Lọ́wọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ojú irin ńlá láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, wọ́n sì ya ẹ̀ka kan láti Ìfọ̀ gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Láti Ìdógò sí Pọbẹ̀ kò tó 50 kìlómítà. Ẹni tó bá gun alùpùpù lówùúrọ̀ yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ojú irin Pọbẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan gééré. Ti Ìdógò fẹ̀ ní mílímítà 1,067. Mílímítà 67 ló yà wọ́n; ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lórí ìka mẹ́rin yìí, wágọ̀nù Ìtakété kò lè dé Ìlaròó láéláé, bí ààlà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí kọ́sítọ́ọ̀mù tilẹ̀ sùn lọ. Kò sí ẹni tó rò ó, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pàdé. Lónìí, ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti dákẹ́ lórí ojú irin Pọbẹ̀, koríko sì ti bo ibi púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo Ònígbólò. Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ fi owó sí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Pọbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Orílẹ̀-èdè méjì ló jọ dá a sílẹ̀, òkúta rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, oníbàárà rẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì. Irú ẹrù tí Ọlọ́run dá fún ojú irin nìyẹn: ó wúwo, kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ lójoojúmọ́. Tírélà ló ń gbé e. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà Pọbẹ̀ sí Kétu mọ ohun tí tírélà símẹ́ǹtì ń ṣe sí títì, àti sí ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ti òde òní nígbà náà. Àjọ tó ni ojú irin Kútọnu sí Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ń jẹ́ ti Benin àti Niger, bẹ́ẹ̀ ni Parakou ni ojú irin ti dúró láti àwọn ọdún 1930, kò tíì rí Niger. Láàárín 2014 sí 2016, wọ́n tẹ́ nǹkan bí 140 kìlómítà láti Niamey dé Dosso, ní ìwọ̀n mítà kan, kí ó lè wá pàdé ti Parakou lọ́jọ́ iwájú. Ẹjọ́ wọ̀ ọ́, iṣẹ́ dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ojú irin Kánò sí Maradi, Maradi sì jẹ́ ìlú Niger, ní ìwọ̀n mílímítà 1,435. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tuntun, tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ṣe, òun náà ní 1,435. Niger nìkan yóò wá ní ìwọ̀n méjì. Nàìjíríà ti ní méjì báyìí.

Lórí ìwọ̀n, ariwo díẹ̀ wà. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ECOWAS ń kọ ìwé lé e lórí. Lórí ìkọ́, kẹ́kẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n kì í ṣe ògiri tí kò ṣeé gùn. Ní ààlà Ṣáínà àti Mongolia, níbi tí 1,435 ti pàdé 1,520, wọ́n máa ń gbé ara kóòṣì sókè, wọn yóò yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò wọ ẹsẹ̀ mìíràn fún un, yóò sì máa lọ. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí tán ni wọ́n ń rántí pé ìkọ́ Ṣáínà jẹ́ irú ti Janney, ti Mongolia jẹ́ irú ti Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní SA3, kò sì sí èyí tó mọ èkejì. Ìkọ́ náà di iṣẹ́ mìíràn.

Àwa tilẹ̀ ní ibi tí ìwọ̀n ti bára mu. Togo, Côte d'Ivoire, Burkina Faso, Benin, gbogbo wọn ló ń lo mítà kan. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òbìrí ojú irin tí yóò ti Abidjan gba Ouagadougou àti Niamey wá sí Kútọnu. Bí ọjọ́ yẹn bá dé, kí ni yóò dá wágọ̀nù Abidjan dúró ní ẹnu ibodè wa? Kì í ṣe ìwọ̀n. Ìkọ́ ni, àti bíréèkì, àti bí ìkọ́ náà ṣe ga sí láti orí ojú irin. A fi gíga kún un nítorí pé ìkọ́ méjì irú kan náà, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, kò lè di ara wọn mú dáadáa. Bí ojú irin bá gbọ̀n, wọn yóò yọ kúrò lára ara wọn. Ní Ṣáínà, nǹkan bí mílímítà 880 ni wọ́n fi í sí láti orí irin. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ gíga ìkọ́ mọ́ òfin 1893 náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ojú irin kò tíì sí, ẹ̀yin ti ń jà lórí ìkọ́. A gbà pé ojú irin kò tíì sí. Ìdí tí a fi ń pariwo nísinsìnyí gan-an nìyẹn.

Ẹ wo Jàpáánù. Mílímítà 1,067 ni ọ̀pọ̀ ojú irin wọn fẹ̀, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Ìdógò. Ìkọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn sì ń kú lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n múra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n so ìkọ́ tuntun mọ́ abẹ́ wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó lè máa gbé ìkọ́ rẹ̀ kiri títí wọn yóò fi pàṣẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1925, wọ́n dá ọkọ̀ ẹrù dúró ní gbogbo erékùṣù Honshu, wọ́n sì pààrọ̀ ìkọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wágọ̀nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti Kyushu. Ó ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan: bí ìdajì bá ní ìkọ́ tuntun tí ìdajì kò ní, gbogbo wọn ti di kóòṣì oúnjẹ Promontory.

Soviet bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1935, wọn kò parí rẹ̀ títí di 1957. Yúróòpù kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí dòní. Wọ́n gbìyànjú ní àwọn ọdún 1970, gbogbo orílẹ̀-èdè ń wo ẹnu ara wọn lórí ta ni yóò san owó, ó sì ṣubú. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tó kọ́ wa ní rélùwéè, òṣìṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ríba wọ àárín wágọ̀nù ẹrù méjì, yóò gbé ìkọ́ tó wúwo ju 20 kílò lé èkejì, yóò sì máa fi ọwọ́ yí i títí yóò fi le. Wọ́n ti ń dán ìkọ́ tuntun kan wò báyìí tó ń so afẹ́fẹ́ bíréèkì àti iná mọ́ra pẹ̀lú, owó rẹ̀ sì ti ń dẹ́rù bà wọ́n, nítorí pé wágọ̀nù wọn ti pọ̀ jù.

Tiwa kò pọ̀. Ìwọ̀nba tó kù fún Benin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó kọjá àtúnṣe. Bí a bá fẹ́ tún ojú irin Parakou ṣe, tí a fẹ́ jí ti Pọbẹ̀ dìde, tí a sì fẹ́ mú un dé Kétu, wágọ̀nù tuntun la ó rà. Ìkọ́ tó dára kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbé owó wágọ̀nù tuntun lékè bí a bá sọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe kan kó ohun tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ wá, tí a sì fi ogún ọdún ra ti ẹlòmíràn kún un, ìṣòro Yúróòpù la fi owó ara wa rà.

Àwọn kan yóò tún ní kí a máa fi kóńténà ṣe é, kí kíréènì gbé e láti orí wágọ̀nù kan sí òmíràn níbi tí ìwọ̀n bá ti yàtọ̀. A kò bá wọn jiyàn, ó dára fún ẹrù púpọ̀. Kíréènì kò so wágọ̀nù pọ̀ ní yáàdì Kútọnu tàbí Bohicon ní aago méjì òru. Ọmọ ènìyàn ló ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wa kò jẹ́ ẹni tí a lè fi dúró de ọjọ́ iwájú. Àwọn tó ṣáájú wọn wà nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947 ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi oṣù márùn-ún jìyà kí wọ́n lè kà wọ́n kún ènìyàn bí òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun. Kò ní dára kí ọmọ-ọmọ wọn tún máa na ọwọ́ láàárín irin.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòroó kọ. Kí ìjọba Benin sọ orúkọ irú ìkọ́ kan, kó sì sọ gíga rẹ̀ láti orí irin, fún gbogbo wágọ̀nù, kóòṣì àti ẹ́ńjìnì tó bá wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òní lọ. Àwa fara mọ́ irú ti Janney, nítorí òun ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ń lò, tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lágbàáyé sì ń rọ. Bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá ní ìdí láti mú òmíràn, kí wọ́n wá sọ ọ́ ní gbangba. Kí ìjọba mú ìwé náà lọ bá Niamey, Abuja, Lomé àti Ouagadougou, kí wọ́n jọ buwọ́ lù ú kí wọ́n tó na kọ́bọ̀ lórí wágọ̀nù. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀, bí ilé-ẹjọ́ ti 1904 ṣe sọ ọ́, pé kò tó kí wágọ̀nù ní ìkọ́ adákọ́ra. Ó gbọ́dọ̀ lè kọ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀ láìsí ènìyàn láàárín wọn.

Ọjọ́ tí ìwé àdéhùn ojú irin bá sì dé Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́, kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Kétu, Pọbẹ̀, Ìtakété, Adja-Ouèrè àti Ifangni má kàn ka iye owó àti orúkọ ìlú. Kí wọ́n wá ojú ewé tí wọ́n kọ ìkọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n dá ìwé náà padà fún mínísítà tó gbé e wá.